Ẹ̀gbẹ́ ìbàdí tó ń ro mí lóru: ṣé kí n fi ti físíò sílẹ̀ kí n lọ gba abẹ́rẹ́?

Ìyá Gàrí Igbó · Sọ́ńdè, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ẹni ọdún 52 ni mí, Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ń gbé, gàrí ni mo ń yan. Ó ti di oṣù márùn-ún báyìí tí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí mi ọ̀tún ti ń ro mí. Kì í ṣe ẹ̀yìn, kì í ṣe abẹ́ ikùn. Egungun kan tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ itan, nísàlẹ̀ ibi tí mo ń ró aṣọ mọ́, ibẹ̀ gan-an ni. Tí mo bá fìka tẹ̀ ẹ́, màá fò. Tí mo bá sùn lé e, oorun tán. Tí mo bá yí sí òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún á já síwájú, òun náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ń jí lóru. Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì wa kò pé mẹ́wàá, síbẹ̀ tí mo bá gùn ún dé ìdajì, mo ti di irin mú bí ẹni ọgọ́rin ọdún. Tí mo bá jókòó pẹ́ tí mo wá dìde, títiro ni ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́.

Mo ti lo róòbù, mo ti fi omi gbígbóná jó o. Ìyá kan tó máa ń wọ́ra wá fi òrí wọ́ ọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbọ̀nwọ́ ló fi tẹ egungun náà, ó ní òun ń tú iṣan tó dì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò fojú kan oorun. Kẹ́míìsì fún mi ní oògùn ìrora, ó ṣiṣẹ́ títí ó fi tán.

Ọmọ mi obìnrin ló wá mú mi lọ rí físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Ọmọkùnrin kan ni, ó ní kí n dúró lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, ó ń kà. Kò tíì ka mẹ́wàá tí mo fi ké. Ó ní iṣan tó so ẹran ìdí mọ́ egungun ló ń yọ mí lẹ́nu. Ó kọ́ mi ní eré ìdárayá mẹ́ta, ó ní kí n má gbé ẹsẹ̀ léra mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti ń ṣe é, ṣe ló tún ń dùn sí i. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń gún síbẹ̀, pé ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa pa á. Kí ni kí n ṣe? Owó ni gbogbo ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń bá mi yan gàrí.

Àkànní Ṣágámù · Sọ́ńdè, 9:40 alẹ́

Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Làkúrègbé nìyẹn o. Ó ṣe bàbá mi bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ wá àgbo làkúrègbé, kẹ́ ẹ sì yé fi omi tútù wẹ̀ láàárọ̀. Físíò tí wọ́n ń pè yẹn, àwọn tí rọpárọsẹ̀ bá mú ló wà fún.

Tíṣà Ìpẹru · Sọ́ńdè, 10:22 alẹ́

Àkànní, ẹ má bínú, bóyá ti bàbá yín rí bẹ́ẹ̀, ti èmi kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ìyá yìí sì kọ sílẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́ ni.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi dúró níwájú kíláàsì, mi ò sì mọ̀ pé ìbàdí òsì ni mo máa ń dá gbogbo ara lé tí mo bá ń kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù. Ìgbà tí mo pé ẹni ọdún 57 ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya egungun mi, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Dókítà kan ní àpò omi kékeré tó wà lórí egungun ló wú, ó gún mi lábẹ́rẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ kẹta, mo ń jó! Mo sọ fún gbogbo àwa tá a jọ fẹ̀yìn tì pé mo ti rí iṣẹ́ ìyanu. Kò pé oṣù mẹ́ta, ó padà. Mo gba èkejì, ìyẹn kò tilẹ̀ tó oṣù méjì.

Àṣẹ̀yìnwá àṣẹ̀yìnbọ̀, mo lọ sọ́dọ̀ físíò. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe fún mi kì í ṣe eré ìdárayá rárá. Ó bi mí bí mo ṣe ń sùn, bí mo ṣe ń jókòó, bí mo ṣe ń dúró ní báńkì tí ìlà bá gùn. Ó ní kí n wá ìrọ̀rí tó le kí n máa fi sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, láti orúnkún títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìrọ̀rí rírọ̀ kò wúlò, á tẹ̀, ẹsẹ̀ á tún já sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn mọ́jú. Eré ìdárayá wá tẹ̀ lé e, ó sì gbà mí tó oṣù mẹ́rin kí n tó lè gun àtẹ̀gùn láì ronú nípa rẹ̀.

Nítorí náà, ìyá, ọ̀sẹ̀ méjì kéré. Ẹ má tíì fi sílẹ̀.

Ọmọ Jímù Òde · Mọ́ńdè, 6:51 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Iṣan tó ti le ni. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ fọwọ́ mú orúnkún ọ̀tún, ẹ fà á gba orí ikùn kọjá sí apá òsì, ẹ dì í mú níbẹ̀ ká 30. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lálẹ́. Gbogbo àwa tá a ń gbé irin la máa ń ṣe é. Ẹ ó rí i bí ibẹ̀ ṣe máa na tónítóní.

Físíò Rémọ · Mọ́ńdè, 7:35 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ kú ìrora. Físíò ni mí, Rémọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò fọwọ́ kàn yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ̀ yín wò ga ju tèmi lọ. Àmọ́ mo ní láti tètè dá Ọmọ Jímù lóhùn kí ìyá tó fi ṣe é.

Àbúrò, fífà tí o ní kí wọ́n fà á yẹn gan-an ni kò yẹ. Wò ó báyìí. Lórí egungun tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ itan yẹn, iṣan méjì láti inú ẹran ìdí ló wá so mọ́ ọn. Ìgbà tá a bá gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, àwọn ló ń di ìbàdí mú kó má fì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sì sí ìṣísẹ̀ tá a gbé tí a kò lò wọ́n. Nǹkan mìíràn tún wà tó gùn láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀ orúnkún, tó gba orí wọn kọjá bí bẹ́líìtì. Bí itan bá ti sún kọjá sọ́dọ̀ ìkejì rẹ̀, bẹ́líìtì yẹn á fún iṣan mọ́ egungun. Iṣan tó ń ro ni wọ́n ń fún pọ̀ yẹn o. Ẹsẹ̀ gbígbé léra, ìdúró àwọn tó ń retí ọkọ̀ ní garéèjì tí wọ́n ti gbogbo ara sí ìbàdí kan, orúnkún ẹsẹ̀ òkè tó ń já síwájú téèyàn bá fẹ̀gbẹ́ sùn lóru, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Bó o bá wá fọwọ́ fà á kọjá lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, ìwọ gan-an lò ń fún un. Lóòótọ́ ó máa ń dà bíi pé ó tu èèyàn lára fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Alẹ́ ló máa ń gbẹ̀san.

Ìgbọ̀nwọ́ ìyá tó wọ́ ọ náà kò yàtọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wọ́ yín, kí wọ́n wọ́ ẹran ìdí àti itan, kí wọ́n fi orí egungun yẹn sílẹ̀.

Ní ti pé ó ń dùn sí i: ẹ fi ìrora náà sí òṣùwọ̀n, kí 0 jẹ́ pé kò dùn rárá, kí 10 jẹ́ èyí tí ẹ kò lè fara dà. Bó bá ń dùn yín dé 4 tàbí 5 nígbà eré ìdárayá, tó sì ti rọlẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kò burú, ẹ máa bá a lọ. Bí òru ọjọ́ náà bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí ẹ jí láàárọ̀ tó ṣì ń ro ju tàná lọ, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Ẹ dín in kù, ẹ má pa á tì. Bí iṣan bá sinmi pátápátá, okun rẹ̀ á tún dín kù, ọjọ́ tí ẹ bá padà sídìí iṣẹ́ ni yóò bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀.

Ẹ wá sọ fún mi: eré ìdárayá wo ni, ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́, báwo lẹ sì ṣe ń jókòó tí ẹ bá ń yan gàrí?

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí ẹ béèrè: ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Australia gbé èsì ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Èèyàn 204 ni wọ́n kó jọ, ẹni ọdún 35 sí 70, tí irú ìrora yìí ti ń bá fínra ju oṣù mẹ́ta lọ. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan gba ẹ̀kọ́ àti eré ìdárayá lọ́dọ̀ físíò, ìpàdé 14 láàárín ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ kan. Àwọn tó kù, wọ́n ní kí wọ́n ṣáà máa wò ó. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 8 pé, nínú 100, bíi 77 nínú àwọn eléré ìdárayá ló ní ara àwọn ti yá dáadáa, bíi 58 nínú àwọn alábẹ́rẹ́, bíi 29 nínú àwọn tó ń wò ó. Nígbà tó pé ọdún kan, ó di bíi 79, 58, àti 52. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe òfo, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kò ní kọ́ iṣan yín bí yóò ṣe gbé iṣẹ́.

Àkànní Ṣágámù · Mọ́ńdè, 8:02 alẹ́

Ọ̀gá físíò, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ àwọn ará Australia yẹn, ṣé wọ́n ń yan gàrí ni? 😂

Físíò Rémọ · Mọ́ńdè, 8:10 alẹ́

Wọn kì í yan gàrí, sà. Ìdí tí mo fi béèrè bí ìyá ṣe ń jókòó nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Odògbólú · Mọ́ńdè, 9:27 alẹ́

Mo gbádùn àlàyé yìí, àmọ́ mo fẹ́ fi nǹkan kún un, torí ẹ̀yin tó ń kà á láìsọ̀rọ̀ pọ̀ ju àwa tá à ń kọ lọ, kí gbogbo ẹni tí ìbàdí ń dùn má lọ sọ pé tìyá lòun náà ní.

Bó bá jẹ́ abẹ́ ikùn níbi tí itan ti pàdé ara ló ń dùn yín, tí ẹ kò lè tẹ̀ ba wọ bàtà tàbí gé èékánná ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oríkèé ìbàdí fúnra rẹ̀. Bó bá gba ìdí lọ kọjá orúnkún, tí ẹsẹ̀ ń kú tàbí tó ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọ̀pá ẹ̀yìn wò. Ẹni tó bá ṣubú tí kò sì lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ilé olùwọ́ra. Ibà, rírù láìnídìí, tàbí pé wọ́n ti tọ́jú yín fún jẹjẹrẹ rí, ẹ má fi falẹ̀. Bí itan méjèèjì bá sì ń kú, tí ìtọ̀ kò ṣeé mú dúró tàbí kò jáde, pàjáwìrì ni.

Èyí tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n: ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ SS. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 24, ìbàdí ń dùn ún, a ní eré bọ́ọ̀lù ni. Orí egungun itan rẹ̀ ló ti ń kú torí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí a fi mọ̀, ó ti pẹ́. SS tí ìbàdí bá ń dùn, ẹ jẹ́ kí dókítà egungun rí i kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní eré ìdárayá.

Abẹ́rẹ́ wá kù. Ìyá, abẹ́rẹ́ tí kẹ́míìsì máa ń gún síni ní ìdí kọ́ ni Tíṣà Ìpẹru ń sọ. Ìyẹn, dókítà ló ń gún un sí ojú ibẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ó lè mú ṣúgà yín lọ sókè fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Oògùn ìrora tí ẹ ń lò náà, bí ẹ bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn kíndìnrín, ẹ má kàn máa rà á jẹ.

Ìyá Gàrí Igbó · Túsìdeè, 4:48 àárọ̀

Mo ti jí, ẹ rí aago. Ẹ ṣeun gan-an. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru díẹ̀, mo ń lo oògùn ẹ̀, mi ò mọ̀ pé ìyẹn kan oògùn ìrora. Mi ò ní ṣúgà.

Ọ̀gá físíò, ẹ ti ká mi mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni ọmọkùnrin yẹn sọ. Èmi ní tí ẹ̀ẹ̀kan bá dára, ẹ̀ẹ̀mẹta á yá jù, torí mo fẹ́ kó tètè lọ. Ọmọ mi sì fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi níbi tí òyìnbó kan ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè sódò, mo fi kún un. Mẹ́ta ti físíò ni: kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ kí n so ìró mọ́ itan méjèèjì kí n máa tì í síta, kí n gbé ìdí kúrò lórí ẹní, kí n dìde lórí àga kí n tún jókòó láì fọwọ́ tì.

Bí mo ṣe ń yan gàrí: àdògán mi wà nílẹ̀, amọ̀ ni. Iná ń jáde níwájú, nítorí náà a kì í kọjú sí i, ẹ̀gbẹ́ la fi ń jókòó sí i. Àpótí mi kúkúrú gan-an. Agbada wà lápá ọ̀tún mi, èmi á wá yí ìdodo sí i, ẹsẹ̀ òsì á nà síwájú, ti ọ̀tún á ká wọ abẹ́ òsì kí iná má jó o. Àfọ́kù igbá ni mo fi ń rò ó, mo ń fà á mọ́ra, mo ń tì í lọ. Tó bá di ọjọ́ tí wọ́n lọ pákí púpọ̀, láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́rin. Mo máa ń dìde kí n lọ jọ̀ ọ́ ni, kí n tún padà.

Físíò Rémọ · Túsìdeè, 6:30 àárọ̀

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi tó ti ń jò rèé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ká wọ abẹ́ òsì, lórí àpótí kúkúrú, wákàtí mẹ́sàn-án! Kò sí eré ìdárayá tó lè borí ìyẹn.

Ẹ ju fídíò òyìnbó yẹn nù ná. Fún ẹni tí iṣan rẹ̀ ń ro, fífi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kéèyàn gbé ẹsẹ̀ sókè kì í ṣe ibi àbẹ̀rẹ̀. Ẹ padà sí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ti ìró yẹn, ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ rọra ti itan síta bí ẹni pé ẹ fẹ́ ya ìró náà, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ má kúrò lójú kan. Kì í ṣe gbogbo agbára. Ìwọ̀n tí ẹ fi ń ti ilẹ̀kùn tí kò ti pa ti tó. Ti dídìde lórí àga, àga tó ga ni kí ẹ lò, kí ẹ sì pín ara sórí ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ẹni tí ibì kan bá ń dùn máa ń yà sí ibi tí kò dùn láìmọ̀. Ẹ ṣe é níwájú dígí.

Ìyá Ìbejì Àgọ́-Ìwòyè · Túsìdeè, 1:15 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo mọ iná dá sí i. Ó rọrùn kí físíò ní kéèyàn má jókòó sílẹ̀. Owó iléèwé ọmọ, ta ni yóò san án?

Èmi náà ń yan gàrí. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí nígbà yẹn, kì í ṣe ìbàdí, àmọ́ ohun tí mo ṣe lè ràn yín lọ́wọ́. Mo ní kí bíríkìlà gbé àdògán mi sókè pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù, ó ga dé itan mi. Ó ṣe ihò iná sí ẹ̀yìn, lóde ògiri, níbẹ̀ la ti ń ko igi sí i. Èéfín dín kù lójú mi, iná kò sì jáde sí mi lẹ́sẹ̀ mọ́. Mo wá lè kọjú sí agbada gbágbágbá, ẹsẹ̀ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo ń jókòó lórí sítúùlù gíga, bó bá sú mi mo dìde dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, apá ń dùn mí, mo ń bú bíríkìlà. Ó ti mọ́ mi lára.

Bí owó bíríkìlà kò bá tíì sí, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ẹ yan agbada kan lápá ọ̀tún, ẹ bọ́ sódì kejì fún èyí tó tẹ̀ lé e. Gàrí ẹ̀ lè má kọ́kọ́ dọ́gba, torí ọwọ́ òsì kò mọ igbá í dì. Ẹ rọra.

Tíṣà Ìpẹru · Túsìdeè, 2:03 ọ̀sán

Ìyá Ìbejì, mo dúpẹ́ fún èyí o. Àmọ́ pípààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn, ṣé kò ní sọ ìrora kan di méjì? Ti èmi bọ́ sí ọ̀tún díẹ̀ nígbà tí mo ń ṣọ́ òsì.

Físíò Rémọ · Túsìdeè, 6:12 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ lẹ sọ, mà. Bó bá jẹ́ ìjókòó kan náà ló kàn gbé lọ sí òdìkejì, ó lè ṣẹlẹ̀. Dídìde léraléra ló ṣe pàtàkì jù. Agbada kan tán, ẹ dìde, ẹ rìn yí ilé ká. Èyí tó dára jù lọ ṣì ni àdògán gíga Ìyá Ìbejì.

Alhaja Òkè-Ọjà, Ìjẹ̀bú-Òde · Wẹ́sìdeè, 8:40 àárọ̀

As-salamu alaykum. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o, ìrun ló ń pa mí. Ìjókòó àtààyá tó gbẹ̀yìn, tá a máa ń fi ìdí òsì jókòó tí ẹsẹ̀ á jáde sí ọ̀tún, òun ló ń mú kí ẹ̀gbẹ́ òsì mi máa ro. Ojú ń tì mí láti gbé àga wọ mọ́sálásí, wọ́n á ní Alhaja ti darúgbó. Alfa wa ní aláìsàn lè jókòó sórí àga kírun, ẹ̀sìn fàyè gbà á, kò sí wàhálà níbẹ̀. Mo ti ń lo àga láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí, ó sì dín kù gan-an.

Ọjọ́ Ojúde Ọba ló kù tó ń já mi láyà. Ọjọ́ kẹta Iléyá, bàtà gíga, gèlè, ẹ̀gbà ìlẹ̀kẹ̀, kí regbérégbé wa, ẹgbẹ́ àwa ojúgbà, tó dé iwájú Kábíyèsí, a ti dúró láti àárọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ló gbé mi wọlé lálẹ́.

Bàbá Dírẹ́bà Ìkẹ́nnẹ́ · Wẹ́sìdeè, 11:05 àárọ̀

Ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé obìnrin nìkan ló wà fún. Mo ní in lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń ta bí iná. Ìrìn ni mo fi pa á. Mo ń rìn láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìlíṣàn láràárọ̀, ó lọ. Kẹ́ ẹ kàn máa rìn.

Nọ́ọ̀sì Odògbólú · Wẹ́sìdeè, 12:30 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú ìgbádùn ara. Èyí tó dé àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń ta bí iná, ó jọ ti ọ̀pá ẹ̀yìn ju èyí tá à ń sọ lọ. Ìrìn lè dára fún tiyín.

Físíò Rémọ · Wẹ́sìdeè, 5:55 ìrọ̀lẹ́

Mo fara mọ́ Nọ́ọ̀sì. Bàbá, òótọ́ ni pé ó máa ń ṣe ọkùnrin náà, àwọn obìnrin tó ti kọjá ogójì ọdún ló kàn pọ̀ jù nínú wọn. Ìrìn kò burú, ṣùgbọ́n fún ìyá, ilẹ̀ títẹ́jú, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má gun òkè kankan báyìí.

Alhaja, bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀ lọ, kí ẹ gbé ti gíga sínú báàgì, ìgbà tó bá kan ẹgbẹ́ yín ni kí ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ẹ̀yin tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀ pé kí n wá sílé: mi ò ní ṣe é láti orí ayélujára. Ẹ wá físíò tó ní ìwé àṣẹ Medical Rehabilitation Therapists Board, ẹ ní kó fi hàn yín, kì í ṣe àfojúdi. Àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà ní Ṣágámù àti Ìlíṣàn nítòsí wa ní ẹ̀ka físíò.

Ìyá Gàrí Igbó · Sọ́ńdè, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, 8:20 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n padà wá jábọ̀, torí inú máa ń bí mi tí àwọn èèyàn bá béèrè nǹkan tí wọn ò sì padà sọ bó ṣe já sí.

Mi ò gba abẹ́rẹ́. Mo fi ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ mọ ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò sí ìyàtọ̀ tí mo lè tọ́ka sí àyàfi oorun. Ìrọ̀rí òwú tí mo lò kọ́kọ́ ń sá jáde lóru, ìgbà tó yá mo ká bùláńkẹ́ẹ̀tì le dáadáa, mo fi okùn dì í, òun ni mo ń há sáàárín ẹsẹ̀. Ọkọ mi ní mo ti fẹ́ ìyàwó kejì wọ yàrá.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni físíò ọ̀hún fi kún iṣẹ́ mi: gbígbé ìdí kúrò nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ kan máa ṣiṣẹ́ ju ìkejì lọ, àti rírìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí alákàn láti ògiri dé ògiri. Ó dùn mí lọ́jọ́ méjì kan, tí mo lọ ra pákí tí mo sì dúró púpọ̀, mo dín in kù, ó rọlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tún ní kí n dúró lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó kà dé 30. Ó ń ro díẹ̀, mi ò ké.

Àdògán: n kò rí owó búlọ́ọ̀kù tó pọ̀ tó, nítorí náà ó ga dé orúnkún ni, kò dé itan. Mo gbé àpótí sọnù, mo ra sítúùlù. Ẹsẹ̀ mi kò ká mọ́. Àwọn tá a jọ ń yan gàrí kọ́kọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo jókòó bí akọ̀wé, méjì nínú wọn ti wá béèrè ta ni bíríkìlà mi.

Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣì ń di irin mú. Ó ti di àṣà ni àbí ó ṣì ń dùn, mi ò lè sọ.

Ìyá Ìbejì Àgọ́-Ìwòyè · Sọ́ńdè, 8:31 alẹ́

Ẹ fi fọ́tò àdògán yẹn ránṣẹ́. Orúnkún kéré, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kan lé e tí gàrí yìí bá tà.

Àkànní Ṣágámù · Sọ́ńdè, 8:44 alẹ́

Ìyá, ẹ kú oríire. Ẹ jọ̀ọ́, físíò yẹn, ṣé ó máa ń wo àwọn àgbà ọkùnrin? Bàbá mi ni.